Ọwọ́ Tí Tóyìn Fi Ń Wá Orí Òòfà

Àwọn ọmọ ọmọ mi gbọ́ Yorùbá dáadáa o, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn máa ń fi dá mi lóhùn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti ń ronú iṣẹ́ tó máa ṣe láyé. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Kárù níbí, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé iṣẹ́ wáyà yìí náà lẹ fi gbogbo ayé yín ṣe? Kò sú yín ni?" Mo ní, "Ó sú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe sú mi lọ." Ìwọ náà tó ò ń wá iṣẹ́ tó o máa ṣe, fa àga rẹ súnmọ́ ibí, kí n rò ó fún ọ bí mo ṣe rò ó fún un.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wé kọ́ìlì mọ́tọ̀ tó bá jóná. Mọ́tọ̀ tí mò ń wí kì í ṣe ọkọ̀ o! Irin róbótó tó ń yí fáànù, tó ń fa omi kànga, tó ń lọ ata ni mò ń wí. Wáyà bàbà tín-ínrín ló wà nínú rẹ̀, tí a wé ní òrùka òrùka sínú àwọn ojú irin. Bí iná bá ti gba inú òrùka wọ̀nyẹn kọjá, wọ́n á di òòfà, òòfà yẹn ló ń mú irin àárín yí. Bí wáyà bá jóná, a ó yọ òkú rẹ̀ dànù, a ó wé tuntun síbẹ̀. Rìwáyà ni àwọn èèyàn ń pè é.

Ìlọrin ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Tìjání. Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn láti sọ: ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà wọlé, ó parí. Owó oṣù ńkọ́? Má wulẹ̀ bi mí. Oúnjẹ àti ìfọ́tí ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń gbà nígbà yẹn, ìfọ́tí ló sì máa ń tètè dé.

Ọ̀gá Tìjání kì í pariwo. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ojú ló fi ń bá èèyàn wí. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà tuntun. Òkú wáyà ni mò ń yọ, mò ń gé ọparun pẹ́pẹ̀pẹ́ tí a fi ń há ojú irin, mò ń kùn ún ní fáníìṣì, mò ń gbé e sóòrùn. Nígbà tó wá jẹ́ kí n wé kọ́ìlì, ó jókòó tì mí, ó ń ka ìyípo kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn rẹ̀. Mo wé e tán, inú mi dùn, mo ń retí oríyìn. Ó ní, "Ó dín ẹyọ kan." Ó di orí wáyà náà mú, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátá. "Wé e padà. Mọ́tọ̀ kì í gba ẹ̀bẹ̀." Omijé bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Mo bú u nínú mi, mo sì wé e padà.

Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ tó fi òòfà hàn wá. Ó lu páálí kan, ó ti wáyà bọ ihò rẹ̀, ó wọ́n èéfọ́ irin sórí páálí náà, ó wá fi wáyà kan bátìrì. Họ́wù! Àwọn èéfọ́ irin náà tò yí wáyà po, òrùka nínú òrùka, bíi ìgbà tí a sọ òkò sódò. Ẹnu wa ò padé. Ọ̀gá ní, "Iná kò ṣeé rí, òòfà kò ṣeé rí. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi ríran." Ó di wáyà náà mú ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní, "Ẹ na àtàǹpàkò sí ibi tí iná ń lọ. Ibi tí àwọn ìka yòókù bá ká sí, ibẹ̀ ni òòfà ń yí sí." Ó wá mú wáyà tí a ti wé ní òrùka. "Bó bá jẹ́ òrùka, ẹ yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ìka ká tẹ̀lé ọ̀nà tí iná ń gbà yí po, àtàǹpàkò yóò fi orí òòfà hàn yín. Òdìkejì rẹ̀ ni ìdí."

Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ wa kò ju ìyẹn lọ. Nínú mọ́tọ̀, àwọn kọ́ìlì ní láti tò tẹ̀ léra báyìí: orí, ìdí, orí, ìdí. Bí o bá so wáyà pọ̀ lódì, tí ìdí méjì bá pàdé ara wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà, mọ́tọ̀ á kàn máa kùn hùn-ùn bí aláìsàn, kò ní yí, ẹ̀yìn ìyẹn èéfín ló kù.

Ọ̀gá tún ní òfin kan tí kò ṣeé rú: ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Ọ̀kan nínú wa gbàgbé, ó na òsì, Ọ̀gá sì fi ìdí òòlù kàn án ní kókó ọwọ́. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ibi tí ọ̀tún bá pè ní orí òòfà, ìdí ni òsì máa pè é. Irọ́ ni yóò máa pa fún ọ." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Nígbà tí mo gba fríìdọ̀mù, ó fún mi ní pláyà kan tí a fi ń gé wáyà, bó ṣe ń fún gbogbo ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ yanjú, ó gbàdúà fún mi, ó wá rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn!

Mo ṣiṣẹ́ káàkiri kí n tó bá àwọn ará wa gòkè wá sí Àbújá. Kárù ni mo gba ṣọ́ọ̀bù sí, létí títì tó lọ sí Keffi. Ilé ń hù bí olú nígbà náà, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní kànga, kànga kọ̀ọ̀kan ló ní mọ́tọ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ sì ń jó wọn. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, inú mi máa ń dùn bí mo bá rí èéfín.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà lójú mi. Igi gbígbẹ́ ni a fi ń wé kọ́ìlì nígbà kan, ẹnu la fi ń ka ìyípo. Ẹ̀rọ tó ń kà á fúnra rẹ̀ dé, ẹnu wa sì ráyè òfófó. Èédú la fi ń mú irin tí a fi ń jó ẹnu wáyà pọ̀ gbóná tẹ́lẹ̀, ó di oníná. Gílóòbù la fi ń dán wáyà wò, ó di mítà. Ọ̀gá Tìjání máa ń fi okùn òwú so abẹ́rẹ́ olóòfà kọ́ sínú mọ́tọ̀ láti fi wo orí àti ìdí. Èmi ra kọ́ńpáàsì. Lẹ́yìn náà ni fóònù olójú gbọọrọ dé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ní kọ́ńpáàsì wà nínú tòun. Mo ní kó gbé e wá. A tì í bọ inú mọ́tọ̀ tó ní òòfà, fóònù náà dàrú. Nígbà tí mo fi wá Kìbílà tí a máa kọjú sí kírun lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní Lọ́kọ́ja ni kí n kọjú sí! Mo padà sídìí kọ́ńpáàsì mi.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Tóyìn dé. Ìyá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ará Èkìtì, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré, tí ẹ̀kọ́ ilé sì jẹ lógún. Ọmọbìnrin náà ti ń dúró de ilé ìwé gíga títí ó fi sú u, ó ní iṣẹ́ rìwáyà lòun fẹ́ kọ́. Ìyá rẹ̀ mú un wá, ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ohun tó ní òun fẹ́ nìyí." Mo wo ọmọ náà. Kò wo ilẹ̀. Ó ń wo mọ́tọ̀ tí mo tú palẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá Tóyìn."

Kì í ṣe pé mo fẹ́ yin ọmọ tèmi o, ọmọ náà gbọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣe mí ní kàyéfì. Bí mo bá dúró tì í, ó máa ń falẹ̀, pláyà á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá jáde tí mo padà, iṣẹ́ á ti parí, á sì mọ́ jọjọ. Mo rò pé ẹ̀rù mi ló ń bà á. Iṣẹ́ rẹ̀ tún ní àbùkù kan: lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí a bá ti fi iná sí mọ́tọ̀ tó ṣe, hùn-ùn, kò ní yí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ dára, àwọn díẹ̀ kọ̀. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. A máa ń tú u, a máa ń tún un so.

Nígbà tí mo ti ń ro fríìdọ̀mù rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ni ìjàǹbá dé. Àlàájà kan, ọmọ ìlú wa ní Ìlọrin, ní ilé búrẹ́dì lẹ́yìn títì. Mọ́tọ̀ ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun fún un jóná, ó sì ń kánjú. Mo fi lé Tóyìn lọ́wọ́. Mo jókòó tì í bó ṣe ń so ó, ó fi ọwọ́ wò ó bó ti yẹ. Bó ṣe dé ìdajì, wọ́n pe ìrun Jímọ̀, mo lọ. Nígbà tí mo dé, ó ti parí. Iná ò sí ní àdúgbò, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lágbára tó láti gbé e. Kọ́ńpáàsì ńkọ́? Mi ò ráyè fi wò ó. Àlàájà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ lu àga. Wọ́n gbé mọ́tọ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè wá. Wọ́n ti da ìyẹ̀fun, omi àti yíìsì sínú agbada ẹ̀rọ, wọ́n wá fi iná jẹnẹrétọ̀ ńlá tiwọn sí i. Hùn-ùn! Mọ́tọ̀ kùn, kò yí, èéfín rú. Yíìsì kò mọ̀ pé mọ́tọ̀ bàjẹ́ ní tirẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a débẹ̀, ìyẹ̀fun ti ń wú, ó ti ń yọrí lẹ́nu agbada. Dánládì tó ń yan búrẹ́dì di orí mú. "Kai, Bàbá! Ó ń bọ̀ o! Ó ń bọ̀!" Àlàájà wò mí. "Àrẹ̀mú, búrẹ́dì ẹni tó fẹ́ jẹun láàárọ̀ ọ̀la ni mò ń wò tó fẹ́ dà sílẹ̀ yìí?" Mo ká ọwọ́ agbádá mi, mo wẹ ọwọ́, èmi àti Tóyìn àti gbogbo ilé búrẹ́dì bọ́ sí i, a ń fi ọwọ́ pò ó, a ń lù ú mọ́ tábìlì. Ìyẹ̀fun dé irùngbọ̀n mi. Dánládì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Àlàájà náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, búrẹ́dì sì jáde. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ, àmọ́ ó dùn.

Tóyìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. A gbé mọ́tọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Orí ló yọ ọ́, wọ́n ti tètè pa iná, wáyà rẹ̀ kò tíì já. Mo fi bátìrì sí i, mo gbé kọ́ńpáàsì yí inú rẹ̀ ká. Orí, ìdí, ìdí, orí. Mo tún un wò. Orí, ìdí, ìdí, orí. Ìdajì àkọ́kọ́ tọ́, ìdajì kejì yí padà pátápátá. Mo ní, "Tóyìn, nígbà tí mo lọ kírun, ṣé o fi ọwọ́ wo èyí?"

"Mo fi wò ó, Bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá. Mo fi Bíbélì búra."

"Irọ́ lò ń pa. Ọwọ́ tó bá mọ orí òòfà ní ìdajì àkọ́kọ́ kò lè ṣàdéédé gbàgbé rẹ̀ ní ìdajì kejì!"

Inú bí mi gidigidi. Èmi lè farada àṣìṣe, mi ò fẹ́ irọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ti ń sọ ọ́ pé, "A wí fún Bàbá, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin." Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ mí. Mo ní, "Màmá Tóyìn, mi ò lè fún un ní fríìdọ̀mù. Bó bá jáde lọ báyìí, ó máa jó ilé oníilé. Bí mi ò bá mọ ohun tó ń ṣe é kí oṣù yìí tó parí, ẹ ó mú un lọ sílé." Ọmọ náà wà ní ìkọ̀kọ̀, ó ń sunkún sínú aṣọ. Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo dé ìdajì ọ̀nà, mo fọwọ́ kan orí, fìlà ò sí. Mo padà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Tóyìn kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń tún mọ́tọ̀ Àlàájà so. Mo dúró, mo ń wò ó. Pláyà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń fò bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà. Ó gé wáyà, ó lọ́ ọ, ó gbé pláyà sílẹ̀, ó wá ká ìka lé òrùka kọ́ìlì, ó na àtàǹpàkò.

Àtàǹpàkò òsì!

"Tóyìn! Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Ó fò sókè, ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

"Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni ọ́ ni?"

Ó wolẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Màmá mi ní mi ò gbọ́dọ̀ lò ó níwájú àgbà. Wọ́n ní ìwà àrífín ni. Bí ẹ bá wà níbí, ọ̀tún ni mo fi ń ṣe é. Bí ẹ bá ti jáde, mo máa ń… ó máa ń rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀."

Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ! Mo jókòó sórí mọ́tọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Ó ti yé mi. Mọ́tọ̀ tó bá so látòkèdélẹ̀ lójú mi, ọ̀tún ló lò, ó dára. Èyí tó bá so látòkèdélẹ̀ lẹ́yìn mi, òsì ló lò: ó pe gbogbo orí ní ìdí, ó pe gbogbo ìdí ní orí, wọ́n ṣì tẹ̀ léra, mọ́tọ̀ yí. Èyí tí mo bá dìde kúrò nídìí rẹ̀ ní àárín nìkan ló ń kọ̀. Ọmọ náà kò purọ́ fún mi rárá. Ẹ̀kọ́ ilé ló jó mọ́tọ̀ Àlàájà! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú nítorí òpùrọ́ tí mo pè é. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ ló kù kí Jímọ̀ fò mí.

Nígbà tí mo dé, a jókòó. Mo ní, "Gbọ́, òfin òòfà kò yí padà. Ọ̀tún ni kó o fi máa wá orí rẹ̀, níwájú mi àti lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n pláyà, fi òsì mú un. Mi ò fẹ́ rí i lọ́tùn-ún rẹ mọ́." Ó gbìyànjú rẹ̀. Òsì ń lọ́ wáyà, ọ̀tún ń ká lé kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò rí láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́. Àwa ọlọ́wọ́ ọ̀tún, a ní láti gbé pláyà sílẹ̀ ká tó lè wá orí òòfà, ká tún mú un. Tóyìn kì í gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Kí n tó so ẹyọ kan, ó ti ń so òmíràn. Kọ́ńpáàsì lọ yí inú mọ́tọ̀ Àlàájà ká: orí, ìdí, orí, ìdí. Àlàájà fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí wa, ó kọ̀ láti ta á fún wa.

A ṣe fríìdọ̀mù náà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Kárù pé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ jókòó lápá kan, àwọn Àlàájà lápá kejì. Pásítọ̀ gbàdúà, Áfáà ṣe àdúà. Mo yọ pláyà tuntun, mo pe Tóyìn. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Mo fa pláyà sẹ́yìn.

"Rárá. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni kó o fi gbà á."

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní, "Haà! Òsì kẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ti dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, lójú gbogbo àgbà báyìí?"

Mo ní, "Màmá Tóyìn, èmi àgbà ni mo ní kó fi gbà á."

Ojú ìyá rẹ̀ ni Tóyìn ń wò. Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé kò rí wọn rí. Ó ní, "Gbà á, ọmọ mi. Èmi náà, òsì ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹgba lé e kúrò lára mi ní kékeré, láti ìgbà náà ni mi ò ti mọ ohun tí ọwọ́ náà ì bá ṣe."

Tóyìn na ọwọ́ òsì, ó gba pláyà.